Àgbo àti kápúsù tó kún orí tábìlì màmá mi: èwo ni kí wọ́n máa lò, èwo ni kí wọ́n pa tì?

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí ẹ jọ̀ọ́, ọkàn mi ò balẹ̀. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 67, Àpáta níbí la jọ ń gbé, wọ́n ní bíìpí wọ́n tún ní ṣúgà, amlodipine àti metformin ni wọ́n ń fún wọn ní ilé ìwòsàn, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti ń lò ó. Àtìgbà tí orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n ni wọ́n ti ń ra gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ṣáà ti pè ní ewé. Èyí tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò Dùgbẹ̀, èyí tí ẹnì kan gbé wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wọn, èyí tí wọ́n gbọ́ lórí rédíò. Lánàá mo kó gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì mo kà á: kápúsù ọ̀nà mẹ́ta (aáyù, mòríńgà, àti ọ̀kan báyìí fún orúnkún), ìgò mẹ́rin (asofẹ́yẹjẹ fún bíìpí, omi ewúro, bítà kan tí wọ́n ní ó ń wo àrùn mẹ́tàdínlógún, àti ìgò kan tí nǹkan kan ò sí lára ẹ̀ rárá), wá á tún kan kẹ́ẹ̀gì àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò lè dédé sọ pé kí wọ́n kó o dànù, àgbo ni wọ́n fi wò wá dàgbà. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ èyí tó dáa nínú ẹ̀, èwo ló lè bá oògùn wọn jà?

ÌyáÌbejì_Mólété
Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Èmi ò lòdì sí àgbo, ẹlẹ́wẹ́ ọmọ ni ìyá tó bí ìyá mi, abẹ́ àtẹ wọn ní Ọjà Ọba ni mo dàgbà sí. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ewé tó o bá mọ orúkọ ẹ̀ tó o sì mọ ojú ẹ̀ ni kó o rà. Tó o bá dé Ọjà Bódè, dúró, bi ìyá tó ń tajà pé kí lèyí, kí lèyí, kí ni wọ́n ń fi í ṣe, ta ni kò gbọ́dọ̀ mu ún. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á dá ẹ lóhùn, á sì bi ẹ́ pé ta ló fẹ́ lò ó, ṣé aboyún ni, ṣé ọmọdé ni. Ẹni tó bá ní "ṣáà lọ mu ún, á ṣiṣẹ́", kúrò ńbẹ̀. Èyí tí wọ́n ti sè sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn, ta ló mọ omi tí wọ́n fi sè é, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n sè é? Àgbo tí wọn ò bá gbé kaná lójoojúmọ́ ti kan nìyẹn, kíkan ọ̀hún sì ni ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n á ní ó ń "fọ inú".

Fún inú tó ń kùn, efinrin tó. Fún inú rírìn, atalẹ̀ tútù díẹ̀ nínú omi gbóná, kódà aboyún tó ń bì lè lò ó níwọ̀nba. Fún ọ̀fìnkìn, ewé tíì pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́. Ìwọ̀nyí ò nílò ká tún lọ fi owó ńlá ra kápúsù.

OníKẹ́míìsì_Agbowó
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Fámásíìsì ni mí, ojoojúmọ́ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń dé bá mi lórí káńtà. Ẹ jẹ́ n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má bínú tó bá gùn.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ ni kápúsù orúnkún yẹn. Ẹ bi màmá, ọjọ́ mélòó ni wọ́n lò ó kí ẹsẹ̀ tó fúyẹ́? Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ kejì ni gbogbo ìrora ti pòórá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti da oògùn òyìnbó mọ́ ọn láì sọ fún ẹnikẹ́ni: dexamethasone, prednisolone, tàbí diclofenac. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà náà ti bá irú ẹ̀ nínú oògùn oríkèé ríro tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára. Méjì àkọ́kọ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì, ń gbé ṣúgà sókè, wọ́n ń gbé bíìpí sókè, wọ́n ń mú ojú wú roboto. Diclofenac ní tiẹ̀ ń dá egbò sí ikùn, ó sì ń ni kíndìnrín lára. Ẹ wá wò ó, ẹni tó ní bíìpí àti ṣúgà ni wọ́n tà á fún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa: tí màmá bá ti ń lò ó láti ọjọ́ pípẹ́, kí wọ́n má kàn dá a dúró lójijì, torí tó bá jẹ́ sítẹ́rọ́ìdì ló wà ńbẹ̀, ara ti gbára lé e, wọ́n lè dákú. Ẹ gbé ìgò ẹ̀ lọ bá dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí kó sọ bí wọ́n ṣe máa jáwọ́ díẹ̀díẹ̀.

Asofẹ́yẹjẹ, oògùn gidi ni, ibi tí wàhálà ẹ̀ sì wà nìyẹn. Nǹkan kan wà nínú gbòǹgbò ẹ̀ tó ń jẹ́ reserpine, ara igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1952, wọ́n sì fi ṣe hóró oògùn bíìpí tí gbogbo ayé lò. Ó ń mú bíìpí wálẹ̀ lóòótọ́. Ó tún ń mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì, oorun á máa kunni ṣáá, imú á dí, àyà á máa lù jẹ́jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Hóró oògùn, a mọ iye tó wà nínú ẹ̀. Ife kan láti inú ìgò màmá, kò sẹ́ni tó mọ̀, ti òní lè le ju ti àná. Kí wọ́n wá mu ún lé amlodipine lórí, kí wọ́n dìde lóru láti lọ tọ̀, kí òòyì gbé wọn ṣubú, itan ẹni ọdún 67 kò rọrùn láti tò. Kí wọ́n fi èyí sílẹ̀.

Ewúro inú ọbẹ̀ ò burú, ẹ máa se é. Omi ẹ̀ tí wọ́n fún tí wọ́n ń mu ní ife ńlá lójoojúmọ́ ló yàtọ̀, torí ó lè mú ṣúgà wálẹ̀. Pẹ̀lú metformin nìkan ewu ẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ tí dókítà bá fi glibenclamide (oògùn ṣúgà mìíràn) kún un láì mọ̀ pé ewúro wà nílẹ̀, ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa dàrú lẹ́nu wọn. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fún wọn ní ṣúgà lá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé wọn lọ.

Aáyù, ti inú ọbẹ̀ kò léwu. Kápúsù ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dì, ẹni tó ń lo aspirin tàbí warfarin (àwọn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì), tàbí tó fẹ́ yọ eyín tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ sọ ọ́, àwọn dókítà sábà máa ń ní kéèyàn dá a dúró ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú. Mòríńgà, oúnjẹ ni lára ewé tútù, wọ́n lè máa fi se ọbẹ̀, kò sídìí láti máa kó owó lé kápúsù ẹ̀ lóṣooṣù. Ìgò tí nǹkan kan ò sí lára ẹ̀, ẹ dà á nù.

Táíwò_Ìyágankú
Ẹ ṣé gan-an mà. Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́? Tó bá ti ní nọ́ńbà, ṣé ó ti tó?

OníKẹ́míìsì_Agbowó
Ọ̀gá ni mí o, kì í ṣe mà 🙏🏾. Nọ́ńbà ṣe pàtàkì, èyí tí kò ní, ẹ má rà á. Àmọ́ ẹ wo ìparí ẹ̀, ti oògùn ewé sábà máa ń ní lẹ́tà L, ìyẹn ni pé wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò pé kò ní májèlé, wọ́n fọwọ́ sí i pé ó ṣeé tà. Kò túmọ̀ sí pé NAFDAC ti dán an wò pé ó ń wo àrùn tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ gbé ìgò súnmọ́ ojú, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Ìwé ọdún méjì ni wọ́n sì ń fún wọn, ti àwọn hóró oògùn tó gba ìwé tán pátápátá jẹ́ ọdún márùn-ún. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n kọ orúkọ ewé inú ẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Bítà tó ń wo àrùn mẹ́tàdínlógún yẹn, oògùn kan kì í wo ibà, àtọ̀gbẹ, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrọ́mọbí pọ̀.

Àkànní_Bẹẹrẹ
Ẹ má bínú o ọ̀gá fámásíìsì, ẹ̀yin náà ń tajà ni. Bàbá tó bí bàbá mi ní Bẹẹrẹ níbí ò gbé hóró oògùn mì títí wọ́n fi kú, wọ́n sì dàgbà dàrúgbó. Kíndìnrín tẹ́ ẹ ń pariwo yìí, ṣé àwa ò rí àwọn tó ń ra diclofenac lọ́wọ́ yín láì ní ìwé dókítà, tí wọ́n ń mu ún bíi gúgúrú? Kí ló dé tó jẹ́ àgbo la máa ń bá wí?

OníKẹ́míìsì_Agbowó
Bọ̀dá Àkànní, òótọ́ lẹ sọ nípa diclofenac, mo fara mọ́ ọn, kíndìnrín tí oògùn òyìnbó bàjẹ́ ò kéré. Èmi náà ò ní àgbo ò ṣiṣẹ́. Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ wọn ló ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ewé kan wo ibà, ó yọ agbára inú ewé náà jáde, ibẹ̀ ni ACT tí gbogbo wa ń lò fún ibà lónìí ti wá, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ṣùgbọ́n àjọ WHO kan náà tó ní ká lo ACT ló ní ká má máa sè ewé yẹn mu bíi tíì láti fi wo ibà, torí ohun tó ń bọ́ sínú omi kì í tó, kòkòrò ibà á kàn mọ ọ̀nà tó máa gbà yè é. Ìdí tí mo fi ń bá màmá Àbẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀ ni pé bàbá àgbà yín mu àgbo kan fún àìsàn kan, wọ́n ṣe é tán wọ́n sì jáwọ́. Oríṣi mẹ́jọ ló wà lórí tábìlì màmá, pẹ̀lú hóró oògùn méjì.

Àkànní_Bẹẹrẹ
Mo gbọ́. Ìyẹn yé mi.

Bísí_Ológunẹrù
Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mi ò sọ ọ́ rí níta. Awakọ̀ ni wọ́n, Ìbàdàn sí Ṣàkì. Àràárọ̀ ni wọ́n ń mu páragà àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ní gáréèjì, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn le lórí ìjókòó. Wọ́n tún ń lo hóró oògùn ẹ̀yìn ríro lé e. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, wọ́n tún ra àgbo ẹsẹ̀ wíwú. Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ gbé wọn lọ, dókítà bi wọ́n pé ṣé ẹ̀ ń lo oògùn ìbílẹ̀, wọ́n ní rárá. Èmi jókòó síbẹ̀, mo mọ̀ pé irọ́ ni, ojú ń tì mí láti tú wọn fó níwájú nọ́ọ̀sì, mo dákẹ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, kíndìnrín wọn ti kọṣẹ́, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Dókítà ò sọ pé àgbo nìkan ló fà á, bíìpí wọn náà ti ga láì mọ̀, hóró ẹ̀yìn ríro náà wà ńbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ká ní wọ́n ti mọ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n á ti ní kí wọ́n dá a dúró. Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́ má dákẹ́ bí mo ṣe dákẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta
Ẹ̀gbọ́n mi Bísí, omi bọ́ lójú mi. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ọlọ́run á dìde sí ọ̀rọ̀ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ewé_UI
Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí yẹn. Ẹ bi ẹni tó sè é bóyá akogún wà nínú ẹ̀, wọ́n máa ń fi gbòǹgbò ẹ̀ sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Orúkọ ìdílé igi yẹn nínú ìwé ni Aristolochia, wọ́n ní nǹkan kan nínú tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ní Bẹ́ljíọ̀mù láàárín 1990 sí 1992, ilé ìtọ́jú kan ń fún àwọn obìnrin ní ewé Ṣáínà kí wọ́n lè rù, ewé kan ni wọ́n fẹ́ lò àmọ́ mọ̀lẹ́bí akogún ni wọ́n ṣèèṣì fi rọ́pò ẹ̀. Ó lé ní 100 obìnrin tí kíndìnrín wọn bàjẹ́. Ìyàtọ̀ ewé sí ewé ló ṣe é, ìdí nìyẹn tí mo fi nífẹ̀ẹ́ sí ohun tí ÌyáÌbejì sọ pé ká mọ ojú ewé. Ní FRIN, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí igi àti igbó, ní Jẹ́ríkò níbí wọ́n ní ilé kan tí wọ́n tọ́jú ewé gbígbẹ sí láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ làwa máa ń gbé ewé lọ kí wọ́n bá wa mọ orúkọ ẹ̀ gan-an kó tó di pé a fi ṣe iṣẹ́ kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún ọmọ ní ewé ojú ológbò fún ikọ́, ewé ẹ̀ nìkan o. Hóró pupa olójú dúdú yẹn, tọ́mọ bá jẹ ẹ́ lẹ́nu, ó lè pa á. Ẹ má fi sílẹ̀ níbi tọ́wọ́ ọmọ tó.

ÌyáÌbejì_Mólété
Ẹ̀n! Akogún yẹn, ìyá ìyá mi náà ò jẹ́ kí aboyún mu ún. Mi ò mọ̀ pé ó le tó báyìí. Mo máa sọ fún àwọn èèyàn wa ní ọjà.

Rẹ̀mí_Mọ́kọ́lá
Lórí jẹ̀díjẹ̀dí ọ̀hún, èmi ni mo ní i fún ọdún méje, ohun tí mo ń pè ní jẹ̀díjẹ̀dí ni ìdí yíyọ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Gbogbo ènìyàn ní kí n yé lá ṣúgà, kí n máa mu àgbo, gbogbo àgbo tí mo mu ni wọ́n fi asùnwọ̀n sí, ó ń jẹ́ kí n yàgbẹ́ lóòótọ́, nígbà tó yá tí n ò bá ti mu ún n kì í lè yàgbẹ́ mọ́. Irú ewé bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ léraléra, ó ń kó iyọ̀ ara lọ, ara á máa rẹni. Ohun tó wò mí sàn ni ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, ẹ̀wà, omi púpọ̀, àti kí n má jókòó ti fóònù nínú ilé ìgbẹ́. Ẹni tó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, tó ti lé ní 40 ọdún pàápàá, kó lọ ṣe àyẹ̀wò o, kó má kàn gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun, tí wọ́n bá tètè rí i wọ́n lè wò ó.

Táíwò_Ìyágankú
Páragà tí ẹ̀gbọ́n Bísí dárúkọ yẹn, ẹ rántí 2015 ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, táwọn èèyàn ń fọ́jú tí wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Ọtí tí methanol, májèlé kan tó jọ ọtí, wà nínú ẹ̀ ni. Ewé tó o rẹ sínú ọtí tí o ò mọ orísun ẹ̀, kò sí bí ewé náà ṣe dáa tó.

Ìyá_Àdùnní_Bódìjà
Ẹ jọ̀ọ́ èmi lọ́mọ oṣù márùn-ún, ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún un ní àgbo àti oyin fún ikọ́. Kí ni mo lè sọ fún wọn?

OníKẹ́míìsì_Agbowó
Oyin, rárá, títí ọmọ á fi pé ọdún kan, kòkòrò kan lè wà nínú ẹ̀ tó ń rọ iṣan ọmọ. Àgbo, ọmú nìkan ló yẹ kó wọlé títí di oṣù mẹ́fà. Tó bá ń mí gúlegúle tàbí àyà ẹ̀ ń wọnú, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún màmá pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ mú wọn dání lọ síbi abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Tọ́mọ bá sì ṣu gbuuru, ORS àti zinc ló wà fún un, tí ORS ò bá sí nílé, omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé lórí dọ́gba, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ lé.

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta
Ẹ̀yin ará wa, mo ti bá màmá sọ̀rọ̀ lálẹ́ àná. Mi ò pàṣẹ, mo kàn jókòó tì wọ́n mo bi wọ́n pé màmi kí nìgò kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún yín. Ẹ má bínú, ó yà mí lẹ́nu. Márùn-ún nínú ẹ̀, orúnkún ni wọ́n torí ẹ̀ rà wọ́n. Wọ́n ní tí àwọn bá lọ síbi tí wọ́n ti ń gba oògùn bíìpí, aago márùn-ún àárọ̀ làwọn ti ń jókòó, tó bá kàn wọ́n, dókítà á wo bíìpí, á wo ṣúgà, á kọ oògùn, ó ti tán, ẹnì kan ò tíì bi wọ́n rí pé ṣé ẹ̀ ń sùn lóru. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹni tó ń ta kápúsù nínú mọ́tò ló bi wọ́n. Kápúsù ọ̀hún, ọjọ́ kẹta ni wọ́n ní ẹsẹ̀ fúyẹ́, oṣù karùn-ún tí wọ́n ti ń lò ó rèé, ojú wọn sì ti wú lóòótọ́, àwa rò pé ara ló ń dá wọn ni.

OníKẹ́míìsì_Agbowó
Àbẹ̀kẹ́, oṣù karùn-ún ti pẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì, ẹ lọ lọ́la. Ẹ sọ̀rọ̀ ojú wíwú yẹn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ bíìpí. Lórí orúnkún, ẹ ní kí dókítà kọ ìwé lọ sí ẹ̀ka fisiotẹ́rápì, eré ìdárayá tó ń mú itan lágbára máa ń ṣe púpọ̀ fún orúnkún àgbà, kí wọ́n sì bi dókítà bóyá paracetamol lè máa ran oorun wọn lọ́wọ́, kó má kọjá 4 gíráàmù lójúmọ́ kan. Aṣọ gbígbóná àti òrí tí wọ́n fi wọ́ ọ lálẹ́ ò ní bá oògùn kankan jà, ìyẹn wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ lónìí.

ÌyáÌbejì_Mólété
Mo ní òrí àtàtà nílé, Àbẹ̀kẹ́, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá kó o fún ọlọ́kadà wá sí Àpáta. Kì í ṣe títà.

Àbẹ̀kẹ́_Àpáta
Ẹ ṣé mà, ẹ kú oore. Màmá fúnra wọn ti kó gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́nù kan fún ọ̀la, wọ́n da kẹ́ẹ̀gì yẹn nù àmọ́ wọ́n bu díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n ní kí dókítà lè rí i. Omi ewúro nìkan ni wọn ò tíì fẹ́ fi sílẹ̀, wọ́n ní àwọn máa bèèrè lẹ́nu ẹ̀ fúnra àwọn.

OníKẹ́míìsì_Agbowó
Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lẹ pépà mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan lálẹ́ yìí, ẹ kọ ọ́ sí i: ife mélòó lójúmọ́, láti oṣù wo.